Fíìmù Tí Wọn Kò Gé, Ṣé Ó Lè Parọ́?

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni mí, Under-G ni mò ń gbé. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, èmi àtàwọn tá a jọ ń gbé wo fíìmù kan tí wọ́n ṣe ní Uruguay, La casa muda. Ọmọbìnrin kan àti bàbá rẹ̀ lọ tún ilé àtijọ́ kan ṣe, bí ohun burúkú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Kámẹ́rà tẹ̀ lé ọmọ náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tan kámẹ́rà, wọn ò pa á títí tó fi parí. Nígbà tá a wò ó tán, orí ń fọ́ mi, àyà mi ń já, inú sì tún ń bí mi, torí ó dà bíi pé wọ́n tàn mí jẹ. Mo ṣáà wà lẹ́yìn ọmọ yẹn látìbẹ̀rẹ̀! Kí ni mi ò rí? Báwo ni fíìmù tí wọn kò gé ṣe lè parọ́ fún èèyàn?"

Àbúrò mi, mo kí ọ, mo sì kí àwọn tẹ́ ẹ jọ wò ó. Inú tó bí ọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ dáhùn, torí òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé o wo fíìmù náà dáadáa. Ẹni tí kò fọkàn bá a lọ kì í bínú. Á kàn ní ó ti pẹ́ jù, á sì wá òmíì wò. Mi ò ní sọ bó ṣe parí, nítorí àwọn tí kò tíì rí i, ṣùgbọ́n mo lè ṣàlàyé ọ̀nà tí wọ́n gbà mú ọ.

Iṣẹ́ ẹdítọ̀ ni mò ń ṣe níbí ní Ọ̀yọ́. Ohun tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ ni kí n gé àwòrán kí n sì so wọ́n pọ̀: ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ojú ẹni tó ń gbọ́, ilẹ̀kùn tó ṣí, ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ. Ẹni tó jókòó tó ń wo fíìmù kì í ka iye ìgbà tá a gé, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ̀. Gbogbo ìgbà tí àwòrán bá yí padà ni ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé ẹnì kan wà níbì kan tó ń yan ohun tó máa rí. Ó mọ̀ pé ìtàn ni wọ́n ń pa fún òun. Àmọ́ bí kámẹ́rà bá lọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ogún ìṣẹ́jú, tí kò sí ibi tó gé sí, ọkàn rẹ̀ á gbàgbé ẹni tó ń yàn yẹn. Á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé ojú ara òun lòun fi ń wò ó. Ìròyìn ò sì tó àfojúbà lọ́dọ̀ wa. Ohun téèyàn bá ti fojú ara rẹ̀ rí, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun jiyàn lé e lórí. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú ọ.

Ohun méjì péré ni fíìmù tí wọn kò gé ń búra fún ọ. Ó ń búra pé àkókò ò fò, ó sì ń búra pé ibikíbi tí kámẹ́rà bá wà, ńṣe ló rìn débẹ̀. Kò búra pé òótọ́ ni ohun tó wà níwájú kámẹ́rà. Kò búra pé ọmọ tí ò ń tẹ̀ lé mọ ohun tó ń ṣe òun. Èèyàn lè máa rìn nínú yàrá tó wà lóòótọ́, kí àkókò máa lọ lóòótọ́, kí ó sì máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá wá so kámẹ́rà mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, ohun tó bá rí nìwọ náà máa rí. Ohun tí ọkàn rẹ̀ ò fẹ́ wò, ìwọ náà ò ní rí i, nítorí kò sí ẹlòmíì tó máa fi í hàn ọ́. Nínú fíìmù tá a gé, mo lè gbé ọ kúrò lẹ́yìn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, kí n fi ohun tó wà nínú yàrá kejì hàn ọ́, kí o sì mọ̀ pé ọmọ náà ń ṣìnà. Nínú irú èyí tó o wò, kò sẹ́ni tó máa ṣe ìyẹn fún ọ.

Ní ti pé bóyá lóòótọ́ ni wọn kò gé e, èrò tèmi ni pé wọ́n gé e, wọ́n sì fi ojú gígé náà pamọ́. Gustavo Hernández ló darí fíìmù yẹn, ó jáde ní 2010, kámẹ́rà tí wọ́n sì fi yà á ni Canon EOS 5D Mark II, irú kámẹ́rà fọ́tò tó o ti máa rí lọ́rùn àwọn ayafọ́tò wa lóde ìgbéyàwó. Fáìlì fídíò kan nínú kámẹ́rà yẹn kò lè ju gígábáìtì 4 lọ. Bó o bá ń ya àwòrán tó mọ́ dáadáa, ìyẹn ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 lọ kó tó dúró fúnra rẹ̀, fíìmù náà sì lé ní wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2011, tí Elizabeth Olsen kó ipa ọmọ náà, apá gígùn-gígùn ni wọ́n yà á, wọ́n wá so wọ́n pọ̀ kó lè dà bí ẹyọ kan. Ibi tí ilé bá ti ṣókùnkùn biribiri, ibi tí ara òṣèré bá ti bo gbogbo ojú kámẹ́rà, ibi tí kámẹ́rà bá ti yí wìrì gba ara ògiri kọjá, irú ibẹ̀ la máa ń fi ìsopọ̀ pamọ́ sí. Má jẹ́ kí èyí ba fíìmù náà jẹ́ lójú rẹ. Ẹ̀rù tó bà ọ́ kì í ṣe ẹ̀rù ayédèrú.

Ọgbọ́n yìí ò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní 1948, Alfred Hitchcock ṣe Rope, ìtàn àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó fi okùn fún ọ̀rẹ́ wọn lọ́rùn pa, tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ sínú àpótí ńlá, tí wọ́n wá tẹ́ oúnjẹ sórí àpótí náà, wọ́n sì pe àlejò wá jẹ ẹ́. Bàbá ẹni tó kú wà lára àwọn àlejò. Láyé ìgbà yẹn, róòlù fíìmù tó ń wọ inú kámẹ́rà kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí róòlù bá ti ń tán lọ, kámẹ́rà lè sún mọ́ ẹ̀yìn kóòtù òṣèré kan títí gbogbo àwòrán á fi dúdú. Wọ́n á pààrọ̀ róòlù, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn kóòtù kan náà. Ògiri ilé tí wọ́n kọ́ sínú sítúdíò náà ṣeé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí kámẹ́rà ńlá tó ń ya àwòrán aláwọ̀ lè ráyè kọjá, kí wọ́n sì tún tì í padà sáyè rẹ̀ kí kámẹ́rà tó yíjú síbẹ̀. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n gé ní gbangba, ṣùgbọ́n ojú kì í tètè mú un. Hitchcock fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé àrà lásán lòun fi fíìmù náà dá. Mi ò gbà fún un, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀.

Àwa ará Ọ̀yọ́ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn kóòtù yìí tètè yé jù. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, ó sì wo eré àwọn apidán lọ́dọ̀ Aláàfin. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀: àwọn tó wọnú àpò tí wọ́n ń jó tí wọ́n ń tàkìtì, ejò ńlá tó yọ jáde, àti ẹnì kan tó dúró ní àárín agbo, tí àpò ara rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orí funfun yọ, ara funfun yọ, ó di òyìnbó tó rù hangogo, tí òtútù ń mú, tó ń fa áṣáà símú, tó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Rò ó wò. Wọn kò ta aṣọ bo agbo, wọn kò pa iná, ojú gbogbo èèyàn sì wà lára ẹni yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí idán náà wọni lára ni pé olúkúlùkù tó wà níbẹ̀ lè búra pé òun ò ṣẹ́jú. Ẹni tó bá sì ti gbà pé òun ò ṣẹ́jú ti gbà pé kò sí ohun tí wọ́n lè fi pamọ́ fún òun, bẹ́ẹ̀ inú àpò ni gbogbo iṣẹ́ ti ń lọ. Iṣẹ́ kan náà ni àpò apidán àti kóòtù Hitchcock ń ṣe. Mo fẹ́ràn láti máa kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní èyí, torí púpọ̀ nínú wọn rò pé òkè òkun la ti kọ́ bí a ṣe ń mú ojú òǹwòran dání.

Àwọn tó ya tiwọn láìgé rárá wà. Alexander Sokurov ya Russian Ark ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 2001, nínú ààfin àtijọ́ àwọn ọba Rọ́ṣíà ní St. Petersburg, ìṣẹ́jú 96 gbáko. Ẹ̀ẹ̀kẹrin tí wọ́n dán an wò ló tó bọ́ sí i. Sebastian Schipper ya Victoria ní ìgboro Berlin, ó jáde ní 2015, ìṣẹ́jú 138 láìdúró, ìdánwò kẹta ni wọ́n lò. Ẹ̀rọ tó ń tọ́jú àwòrán sórí díìsìkì tàbí káàdì ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe, nítorí kò sí róòlù tó máa tán mọ́. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbé kámẹ́rà ń rìn, àwọn tó mú ẹ̀rọ ohùn ń sá pamọ́ fún un, òṣèré tó ti jáde nínú àwòrán ní láti sáré gba ẹ̀yìnkùlé yọ síbi tí wọ́n tún ti máa nílò rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbàgbé ọ̀rọ̀ kan ní ìṣẹ́jú ọgọ́rin, gbogbo ènìyàn ló máa padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Òógùn tó o bá rí lójú wọn lápá ìparí kì í ṣe omi tí wọ́n wọ́n sí i.

Mo sì gbà tọkàntọkàn pé a lè ṣe é níbí ju ibi púpọ̀ lọ. Wo agboolé àtijọ́ ní Ọ̀yọ́, ibi tí yàrá mẹ́wàá ti kọjú sí ojúde kan náà, tí èèyàn lè gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé kó sì yọ ní ìhà kejì láìkan ìta. Ohun tí olùdarí òkè òkun ń san owó gọbọi láti kọ́ sínú sítúdíò, ìyẹn ilé tí kámẹ́rà lè yí ká láìdúró, ti wà nílẹ̀ fún wa, ó ń wó lọ. Ó ń dùn mí pé ohun tí a sábà máa ń lo agboolé fún nínú fíìmù wa kò ju ìpàdé mọ̀lẹ́bí lọ.

Jẹ́ kí n wá padà sórí Rope, kí n sọ ìdí tí mi ò fi gbà pé àrà lásán ni. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí mo máa ń fi han gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹdítọ̀. Àwọn àlejò ti jẹun tán. Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn ibi tí ọmọ tí wọ́n ń retí wà. Kámẹ́rà ò wò wọ́n. Ìyá tó ń tọ́jú ilé ló ń wò. Ìyá náà kó àwo kúrò lórí àpótí, ó gbé e lọ sí yàrá inú, ó padà. Ó kó ọ̀pá àbẹ́là, ó lọ, ó bọ̀. Ó ká aṣọ orí àpótí, ó lọ, ó bọ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé bọ̀, nítorí inú àpótí yẹn ni ìwé máa ń wà tẹ́lẹ̀, ó sì fẹ́ dá wọn padà sáyè wọn. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwọ tó ò ń wò ó lo mọ ohun tó wà nínú àpótí. Ò ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀. O mọ ohun tó kù kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ìdérí.

Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n gbé ibẹ̀ fún láti gé, mo mọ ohun tí mo máa ṣe. Màá fi ọwọ́ tó ń gbé àwo hàn, màá fi ojú apààyàn hàn, màá fi ìka tó kan ìdérí àpótí hàn. Gbogbo rẹ̀ ò ní ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, àyà rẹ á já lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Láìgé, kò sẹ́ni tó bá ọ yẹ ọ̀nà kúrú. Bí yàrá inú bá ṣe jìnnà tó ni ìyá yẹn máa rìn ín tó, ìwọ náà á sì dúró dè é. Ẹ̀rù ọ̀hún ò sí nínú òkú tó wà nínú àpótí, torí a ò rí i. Inú ìrìn ìyá arúgbó kan tí kò mọ nǹkan kan ló wà. Ohun tí mo mọ̀ tó dára jù lọ tí kámẹ́rà tí kò gé lè ṣe nìyẹn: ó sọ iṣẹ́ ilé lásán di ohun tí àyà fi ń já.

Ní ti orí tó ń fọ́ ọ, ìdí méjì ni mo rí. Ọ̀kan wà lára kámẹ́rà. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbé e, ó sì ń mì. Bí ibi tí irú kámẹ́rà yẹn ń wò bá ṣókùnkùn, ohun tó sún mọ́ ọn nìkan ló máa ń mọ́, gbogbo ẹ̀yìn á rí bàìbàì. Ojú rẹ á máa tiraka láti rí ohun tí kámẹ́rà ò fẹ́ kí o rí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rẹ ojú. Ìgbà míì, má pa iná yàrá, má sì sún mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká yẹn jù. Ìdí kejì ni pé o ò sinmi. Gbogbo ibi tá a bá gé nínú fíìmù ni ọkàn ti ń rí ibi dúró díẹ̀, kó tún ara rẹ̀ gbà mú. Wọn ò fún ọ ní ìyẹn fún ohun tó ju wákàtí kan lọ.

Síbẹ̀, má fi ọwọ́ ara rẹ dá fíìmù náà dúró. Mo mọ bí iná ṣe ń ṣe wá ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, rí i pé bátìrì kọ̀ǹpútà ti kún, kí fáìlì sì ti wà nínú rẹ̀ kó má jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì lò ń dúró dè. Bí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn ní ìdajì tó sì pọn dandan kí o dìde, lọ, ṣùgbọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Lo gbohùngbohùn etí, pàápàá bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké ní ọgbà yín, torí ohun tó wà lẹ́yìn ọmọ yẹn, etí lo máa fi kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ohùn náà ni mo sì fẹ́ kí o ṣọ́ra fún jù. Kódà níbi tí wọn ò bá ti gé àwòrán rárá, a ṣì máa ń tún ohùn ṣe lẹ́yìn, a máa ń fi ẹsẹ̀ kún un, èémí, orin, ilẹ̀kùn tó ń han. Àwọn èèyàn kì í ronú kan ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń jiyàn pé bóyá ẹyọ kan ni fíìmù tàbí kì í ṣe ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ etí ni wọ́n sábà máa ń gbà wọlé sí ọ lára.

Tún un wò, nígbà tí ojú rẹ bá ti wálẹ̀. O ti mọ òpin báyìí, o ò sì nílò láti máa sáré tẹ̀ lé ọmọ náà mọ́. Rántí ibi tí òkùnkùn ti bò ó, tó ń fi iná kámẹ́rà Polaroid ríran: iná ṣẹ́, yàrá yọ, òkùnkùn padà. Lẹ́ẹ̀kíní, ohun tí iná fi hàn lo ń wò. Lẹ́ẹ̀kejì, bi ara rẹ léèrè ohun tó ń lọ láàárín iná kan àti èkejì, ta ló sì sọ fún ọ pé ọmọ náà dúró sójú kan ní gbogbo àkókò yẹn. Lẹ́yìn náà, mú bírò. Gbogbo ibi tí kámẹ́rà bá ti gbójú kúrò lára rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo yàrá tó wọ̀ tí kò fẹ́ padà sí, kọ ọ́ sílẹ̀. Wàá rí i pé àwọn tó ṣe fíìmù náà ti fi púpọ̀ nínú ohun tí ò ń wá síwájú rẹ kó tó di pé ó parí.

Bí o bá fẹ́ èyí tí kò ní òkùnkùn àti ilé àtijọ́ nínú, wá Adolescence tó jáde ní 2025. Apá mẹ́rin ni, wọ́n ya apá kọ̀ọ̀kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìgé, ibẹ̀ ò sì sí ẹ̀tàn ìsopọ̀. Apá kẹta ni kí o fọkàn sí jù: ọmọkùnrin ọmọ ọdún 13 kan àti obìnrin tí wọ́n rán wá láti yẹ ìrònú rẹ̀ wò, àwọn méjèèjì jókòó sí yàrá kan, iná tàn, kò sí ọ̀bẹ, kò sí ẹni tó ń sá. Kámẹ́rà ń yí wọn ká jẹ́jẹ́. Wo ojú obìnrin náà nígbà tí ọmọ ń sọ̀rọ̀, kí o sì wo iye ìgbà tí kámẹ́rà á jẹ́ kí o rí i. Tó o bá ti wo méjèèjì tán, kọ̀wé sí mi, kí o sì fi àwọn ìṣẹ́jú tó o kọ sílẹ̀ ránṣẹ́; èmi náà á fi tèmi ránṣẹ́ sí ọ, ká jọ wò ó bóyá ibì kan náà ni ojú wa ti kúrò.